Ní Ilẹ̀ Atacora, Ẹnu Amutí Ni Ilé Ẹjọ́ Apọntí

Bí ọmọdé kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọtí ṣe rí láàárín àwa tí a ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn, Kánò àti Pọtá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ bíà, ohun tó ń sọ sí wa lọ́kàn ni ìgò, ìdérí onírin àti ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ọgbà tó fẹ̀ bí pápá. Bí a bá sì jókòó, tí a ń jiyàn nípa ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa àti èyí tó ti ń já wa kulẹ̀, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò là ń jiyàn lé lórí. Kò sí ẹni tó mọ ojú ẹni tó pọn ọtí náà nínú wa. Apọntí kò mọ amutí, amutí kò mọ apọntí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò jìnnà sí wa, tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹkùn Atacora ni, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ni ṣúkútú, èyí tí àwọn tó ń fi èdè Faransé kọ̀wé máa ń kọ ní tchoukoutou. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn ọ́, obìnrin ló ń pọn ọ́, ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni orúkọ ọtí. Bó bá dùn, orúkọ ìyá náà ni wọn yóò dá. Bó bá bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ láti ilé wa lè gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu. Láti Kútọnu, ọ̀nà kọjú sí àríwá, ó gba Bohicon kọjá títí tó fi dé Ìdáàṣà, ìlú olókè tí wọ́n ti ń sọ èdè tó bá tiwa mu. Ìdáàṣà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Èyí tó yà sí ọ̀tún gba Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá mìíràn, lọ sí Parakú. Èyí tó yà sí òsì gba Savalou àti Bassila lọ sí Júgú, kó tó wá dé Natitingou tí í ṣe olú ìlú Atacora. Láti Kútọnu dé Natitingou, ó lé ní kìlómítà 500, ẹni tó bá sì ń wo ìta láti inú ọkọ̀ yóò rí i bí oúnjẹ àti ọtí ṣe ń yí padà pẹ̀lú ilẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀pẹ ló pọ̀, ẹmu àti sódàbì tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu ni ọtí ibẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè lọ, ọ̀pẹ ń tán, igi òrí àti igi oṣè ń gba ipò rẹ̀, ebè iṣu sì tò lọ títí bí ẹni pé kò ní lópin. Ìgbà tí ọ̀pẹ bá pẹ̀yìn dà tán ni ọkà bàbà yóò gbé orí sókè. Ibi tí ọkà bàbà bá ti jọba, ṣúkútú ni ọtí ibẹ̀.

Natitingou kì í ṣe ìlú ńlá. Òkè Atacora ló yí i ká, bí ojúmọ́ bá sì mọ́, ìkùukùu a máa rọ̀ mọ́ orí àwọn òkè náà. Ère Kaba wà láàárín ìlú, jagunjagun tó ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀ láti dìde sí àwọn Faransé ní ọdún 1916 sí 1917. Bí èèyàn bá yà kúrò níbẹ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, yóò dé Boukoumbé, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Tógò. Ilẹ̀ àwọn Batammariba nìyẹn. Àwọn ará ìta ló ń pè wọ́n ní Somba. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé wọn, ó ga, ó rí bí ilé olódi kékeré, orí òrùlé rẹ̀ tó tẹ́jú sì ni àká ọkà wà. Àjọ UNESCO fi apá tó wà ní Tógò nínú ilẹ̀ wọn sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2004, wọ́n sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní ọdún 2023. Ohun tó wà nínú àwọn àká náà ló kàn wá lónìí, nítorí inú rẹ̀ ni ọtí ti ń wá.

Ọkà bàbà pupa ni àwọn apọntí fẹ́ràn jù. Wọn yóò ṣà á, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tẹ́ ẹ, tí wọn yóò sì bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi hù. Bó bá hù dáadáa, wọn yóò sá a sóòrùn, wọn yóò sì lọ̀ ọ́. Wọn yóò po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi, wọn yóò sè é, wọn yóò jẹ́ kó kan díẹ̀, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò tún gbé omi rẹ̀ kaná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá tutù tán, ó ku kí wọ́n da kpètè-kpètè sí i. Ẹ má ṣe rò pé pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ inú àbàtà ni mo ń wí o. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí wọ́n pọn ṣáájú ni, òun ló ń mú ọtí tuntun hó. Òru kan ṣoṣo ló ń lò nínú ìkòkò, ilẹ̀ mọ́, ọtí dé. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwa tí a ń mu ti inú ìgò kì í rò ni pé ṣúkútú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń bù ú tà ló ṣì ń hó. Ní òwúrọ̀, ó dùn, kò tíì le. Ní ọ̀sán, ó ti mú. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kan débi pé àwọn tó fẹ́ràn kíkan nìkan ló lè fojú rere wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ̀ ọ́. Èyí já sí pé obìnrin tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan péré láti ta iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn amutí bá yí ẹ̀yìn sí i lọ́jọ́ náà, owó ọkà, owó igi àti làálàá ti dà sílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ilé ẹjọ́ ni ẹnu àwọn amutí níbẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti bọ́ lẹ́nu wọn, kò sí ibi tí apọntí lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí.

Ọjà Boukoumbé, tí wọ́n máa ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ni èèyàn ti lè rí ẹjọ́ yìí bí wọ́n ṣe ń dá a. Abẹ́ igi àti abẹ́ àtíbàbà ni àwọn apọntí máa ń jókòó sí, ìkòkò àti ike ńlá níwájú wọn, igbá lọ́wọ́ wọn, àpótí pẹlẹbẹ tí èèyàn lè jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, bíríkìlà àti tíṣà náà kò gbẹ́yìn. Amutí tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í kàn jókòó sí ibi tó bá kọ́kọ́ kàn. Yóò ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun tọ́ wò. Apọntí náà kì í bínú sí èyí, nítorí ó ti mọ̀ pé ìtọ́wò ni ẹnu ọ̀nà ọjà òun.

Ojú ló ń kọ́kọ́ ṣèdájọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọtí náà pọ́n rúsúrúsú, kó ki díẹ̀, kó má mọ́ gaara bí omi, kí ìfófòó sì wà lójú rẹ̀ láti fi hàn pé ó ṣì wà láàyè. Imú ló tẹ̀ lé e. Bí òórùn èéfín bá wà nínú rẹ̀, ó jóná nìyẹn, ìyá tó ń sè é ti gbàgbé rẹ̀ lórí iná. Lẹ́yìn imú ni ahọ́n. Kíkan gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n. Adùn ọkà náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kíkan yẹn. Bí ahọ́n bá kọ́kọ́ pàdé omi kó tó pàdé ọkà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹjọ́ kẹrin ni èyí tí ikùn àti orí ń dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹjọ́ yìí ló sì le jù, nítorí amutí tí inú ti run yóò ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò.

Nígbà tí mo fetí sí ohun tí àwọn èèyàn ń wí nípa àwọn apọntí tó ń já wọn kulẹ̀, mo rí i pé ẹ̀sùn wọn kò pọ̀, ó kàn ń yí po ojú kan ni. Èkíní, pé ó da omi sí i. Èkejì, pé ó da ọtí àná pọ̀ mọ́ ti òní. Ẹ̀kẹta, pé ó kánjú, kò jẹ́ kí ọkà hù tó kó tó sá a, tàbí pé ó lọ ra ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì dípò kó lo kpètè-kpètè tó yẹ. Ẹ̀kẹrin, pé igbá rẹ̀ ti kéré sí i. Ẹ ó rí i pé ìkánjú tàbí ahun ni gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan apọntí pé ọtí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọjà tó kọjá. Wọ́n mọ̀ pé oòrùn kì í ràn bákan náà lójoojúmọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ọkà ọdún yìí lè má rí bíi ti èṣín. Ìyàtọ̀ kò bí wọn nínú. Ẹ̀tàn ló ń bí wọn nínú.

Àwọn tí ọtí wọn ń wú èèyàn lórí náà, ohun tó mú wọn yàtọ̀ kò ju sùúrù lọ. Wọn kì í yára gbé e kúrò lórí iná, wọn kì í sì í gbójú fo ọkà tí kò hù. Ìkòkò wọn mọ́, ibi tí amutí ń jókòó sí mọ́, ẹnu wọn sì dùn. Kí ẹ má ṣe rò pé ẹnu dídùn kò sí lára ọtí. Àwọn kan wà tí ọtí wọn dára dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìwà wọn ti lé àwọn èèyàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọtí rẹ̀ kò tó tiwọn.

Àmọ́ ṣá o, ẹnu kò jọra. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń mu ṣúkútú láti kékeré a máa fẹ́ èyí tó kan, tó sì mú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò bẹ̀rẹ̀ ayé wọn a máa wá èyí tó dùn. Èyí tí kò tíì hó wà fún àwọn ọmọdé àti fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí. Nítorí èyí, apọntí tí ọ̀kan ń yìn ni ẹlòmíràn ń bú lábẹ́ igi kan náà, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò sí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ohun tó wà nínú igbá jẹ́ ọkà ní tòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ àgbà nìyí. Bí ìkórè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń wọlé, ọkà bàbà pọ̀, owó rẹ̀ kò gun orí. Àsìkò yẹn náà ni ìsìnkú àwọn àgbà àti àwọn ayẹyẹ ìbílẹ̀ máa ń wáyé, kò sì sí èyí tó lè ṣe é láìsí ọtí ọkà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, tí àká ń ṣófo, apọntí tí kò ní oko yóò ra ọkà ní ọ̀wọ́n. Igi ìdáná náà kò sí nítòsí bíi ti ìgbà kan mọ́. Ọtí tí wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí sì máa ń jẹ igi bí ẹni pé ebi ń pa á. Àwọn amutí kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ san, igbá tó kún sì ni wọ́n fẹ́.

Kí ni ìyá náà yóò ṣe? Kò lè fi kún owó rẹ̀, nítorí wọn yóò dìde lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi kún tirẹ̀. Kò lè dín igi kù, ọtí kò ní jinná. Ohun tó kù tó lè dín kù ni ọkà. Ọkà yóò dín, omi yóò lé, ìjọ amutí kan náà tó kọ̀ láti san owó tó tọ́ ni yóò sì tọ́ ọtí náà wò, tí yóò yọ ṣùtì, tí yóò ní ìyá yìí ti bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé adájọ́ ní ọwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dá lẹ́jọ́? Mo gbà pé àwọn apọntí kan wà tí ojúkòkòrò lásán ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sọ pé ó ń já wọn kulẹ̀, owó tí wọ́n fún un ló pọn ọtí yẹn.

Ìgò kò ní ìṣòro yìí, ó kéré tán, kì í ṣe lójú amutí. Bíà La Béninoise, tí ilé iṣẹ́ SOBEBRA ń pọn, wà ní Natitingou bó ṣe wà ní Kútọnu, adùn rẹ̀ kò sì yí padà láàárín ìlú méjèèjì. Ó lè wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn lóde ayẹyẹ pé ọwọ́ òun tẹnu, ìgò ni yóò gbé sórí tábìlì. Èmi kò bá ìgò jà. Ṣùgbọ́n bí ìgò bá já amutí kulẹ̀, ta ni yóò sọ fún? Ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́ jìnnà, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ṣúkútú kò kúrò ní àdúgbò: ó lọ sọ́wọ́ àgbẹ̀ tó gbin ọkà, sọ́wọ́ ẹni tó ń ta igi, ó sì di owó ilé ìwé ọmọ ìyá tó pọn ọ́.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń ròyìn fún wa pé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn èèyàn ti ń sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n ń wá ilé iṣẹ́ ọtí kéékèèké tí wọ́n ti mọ orúkọ ẹni tó ń pọn ọtí, tí wọ́n sì ń fún ọtí kọ̀ọ̀kan ní máàkì bíi ti ìdánwò, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá Atacora ti ń jókòó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Àwọn nìkan sì kọ́. Dolo ni wọ́n ń pe irú ọtí yìí ní Burkina Faso, pítò ni ní àríwá Gánà, bùrùkùtù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Jos àti Makurdi. Àwa náà ní otíkà tiwa, èyí tí ọkà bàbà wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá. Kódà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tiwa ti wá yá ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí: ní ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọlé láti òkè òkun, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sáré lọ bá. Òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí Atacora lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu àwọn sójà Bẹ̀nẹ̀ ní Porga, ní ojú ọ̀nà kan náà tó gba Natitingou kọjá lọ sí ààlà Burkina Faso, ìkọlù sì ti wáyé ní ìhà àríwá lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àlejò tó ń wá wo ilé alámọ̀ àti ẹranko inú igbó Pendjari ti dín kù. Èyí kan àwọn apọntí náà, nítorí àlejò tí kò wá kò lè ra ọtí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá rìn, ẹ má ṣe rin òru, kí ẹ sì gba ìmọ̀ràn àwọn onílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì dé abẹ́ igi náà, ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí kò bá dùn, ẹ sọ fún ìyá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má ṣe kàn dìde lọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ fún ló lè tún un ṣe. Bó bá dùn, ẹ san owó tó tọ́, kí ẹ má ṣe ná an bí ẹni ń ná bàtà. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà kan bá sì ṣì ń pọn otíkà nítòsí yín nílé, ẹ̀yin náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín iye tí ẹ ń san fún un, kí ẹ tó sọ pé ọtí rẹ̀ kò dùn tó ti àtijọ́ mọ́.